Òjò Dídì ní Ilẹ̀ Ooru: Kì í Ṣe Òtútù Nìkan Ló Pa Èèyàn 246 ní Texas

Ní òru ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, àwọn tí ń darí iná mànàmáná ní ìpínlẹ̀ Texas, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná àwọn àdúgbò kan. Òjò dídì ti bo ilẹ̀ níta, òtútù sì ti wọ àwọn èèyàn dé eegun. Ohun tí wọ́n rò ni pé iná yóò máa lọ fún ìgbà díẹ̀, pé bí ó bá kúrò ní àdúgbò kan, yóò bọ́ sí èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé àti ilé ìtajà tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ló wà nínú òkùnkùn, àwọn mìíràn fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka òkú tán, èèyàn 246 ló ti lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló kàn wá ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́ nínú òjò dídì ìlú òyìnbó? Ó kàn wá lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Houston, ìlú tó tóbi jù ní Texas, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kejì ló ṣe pàtàkì jù: ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fi hàn pé owó àti ẹ̀rọ kì í gba ìlú là bí ìlú kò bá múra sílẹ̀ de ohun tí kì í sábà wá.

Irú òjò wo nìyí?

Òjò dídì tí à ń sọ yìí kì í ṣe yìnyín tí ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá nílẹ̀ wa, èyí tí ń han páànù létí tí àwọn ọmọdé sì ń ṣà jẹ. Òjò dídì fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Á máa rọra bọ́ láìdún, á máa ga sí i lórí ilẹ̀, lórí òrùlé, lórí ẹ̀ka igi. Ní àwọn ìlú tó ti mọ́ lára, bíi Chicago tàbí Montreal, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Wọ́n ní ọkọ̀ tí ń gbá a kúrò lójú títì, wọ́n ní iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sílẹ̀ kí ọ̀nà má baà yọ̀, wọ́n sì kọ́ ilé wọn kí òtútù má lè wọlé.

Texas kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ yìí tóbi tó ìlọ́po mẹ́fà orílẹ̀-èdè Benin, ooru ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ní Houston, ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn máa ń mú bíi ti Kútọnu, ara á sì máa rin gbindin. Nítorí náà, ooru ni wọ́n kọ́lé dè. Páìpù omi ilé ń gba inú àjà àti ara ògiri kọjá láìsí ohun tó bò ó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń pèsè iná ni wọn kò kọ́ yàrá yí ẹ̀rọ wọn ká, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Ohun tó dára fún oṣù mẹ́wàá nínú ọdún ni. Ohun tó dára fún oṣù mẹ́wàá yẹn náà ló di wàhálà lọ́jọ́ tí òtútù dé.

Báwo ni òtútù ṣe rin ìrìn àjò dé ibẹ̀? Ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, òtútù líle kan wà tí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yí i po máa ń há mọ́ ibẹ̀, bí ìgbà tí a fi ọgbà há ewúrẹ́ mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ojú ọ̀run òkè lọ́hùn-ún gbóná lójijì, afẹ́fẹ́ náà sì dẹ̀. Ọgbà yẹ̀, ẹran sì jáde. Òtútù náà rọ́ wá sí gúúsù títí ó fi kan Texas. Ní ìlú Dallas, ó di ìwọ̀n 19 nísàlẹ̀ òdo ní ọjọ́ 16 oṣù kejì. Ẹ rántí pé bí ìwọ̀n ooru bá ti dé òdo péré, omi ti ń di yìnyín nìyẹn.

Ọ̀kan ń fa èkejì ṣubú

Kí iná tó lọ rárá ni òtútù ti pa èèyàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, òjò tí ń dì bó ti ń kan ilẹ̀ rọ̀ sí ojú ọ̀nà ńlá kan ní ìlú Fort Worth. Títì náà yọ̀ bí ilá. Ọkọ̀ kan kọ lu èkejì, ẹ̀kẹta kọ lu méjèèjì, títí tí ọkọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún fi rún mọ́ ara wọn. Èèyàn mẹ́fà kú níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan iná. Gáàsì tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ ni Texas fi ń pèsè apá tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀. Omi máa ń bá gáàsì jáde láti inú kànga rẹ̀. Nígbà tí òtútù mú, omi náà dì, ó dí ojú kànga, ó sì dí páìpù. Àwọn ẹ̀rọ tí ń ti gáàsì lọ sí ilé iṣẹ́ iná, iná mànàmáná ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Nígbà tí wọ́n pa iná láti fi du ẹ̀mí ìyókù, wọ́n pa ti àwọn kan nínú ẹ̀rọ gáàsì náà mọ́ ọn. Gáàsì tún dín kù. Iná sì tún dín kù sí i. Ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná dì, ẹ̀rọ tí ń fi èédú pèsè iná dì, kódà ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì kan dáwọ́ dúró nítorí páìpù kékeré kan tó dì. Ìwádìí tí àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ agbára gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún náà fi hàn pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ẹ̀rọ tó dákẹ́ ló dákẹ́ nítorí pé wọ́n dì tàbí nítorí pé ohun tí wọ́n ń jó kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Iná mànàmáná dà bí òṣùwọ̀n tí àwọn ìyá wa ń lò lọ́jà. Iye tí ilé iṣẹ́ ń pèsè gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye tí aráyé ń lò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, ẹ̀rọ gbogbo á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn kí wọ́n má baà bàjẹ́. Lóru ọjọ́ yẹn, òṣùwọ̀n Texas fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Bill Magness, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ERCOT, àjọ tí ń darí iná ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, sọ lẹ́yìn náà pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 37 kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ pátápátá. Ká ní ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bóyá oṣù pàápàá, ni wọn ì bá fi máa gbé e dìde.

Bí iná ti lọ ni omi lọ. Páìpù bẹ́ nínú àjà ilé, omi ń ya lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì àti àga. Àwọn ilé iṣẹ́ omi kò rí iná fi ti omi sí ìgboro. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 14 ni wọ́n ní kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún. Ṣùgbọ́n iná wo ni wọn yóò fi sè é?

Òtútù ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn 246 náà, ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú ilé tiwọn. Àwọn mìíràn kú nítorí pé ẹ̀rọ ìtọ́jú àìsàn wọn kò rí iná lò. Àwọn kan sì wà tí èéfín pa. Wọ́n gbé ààrò èédú wọ inú yàrá, wọ́n tan ẹ̀rọ amúnáwá sí ẹ̀gbẹ́ ilé, tàbí kí wọ́n jókòó sínú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tó tì pa, kí ara wọn lè móoru. Èéfín tí ń jáde níbẹ̀ ní gáàsì kan tí kì í rùn, tí ojú kì í rí. Oorun ni yóò gbé ẹni tó bá fà á símú, kò sì ní jí mọ́.

Ìkìlọ̀ tí a kò gbọ́

Bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí bá ṣẹlẹ̀, a lè ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n Texas ti rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù kejì ọdún 1895, òjò dídì tó tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà rọ̀ sí Houston. Ní ọdún 1989, òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pa iná àwọn àdúgbò kan. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, iná sì já mọ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn lọ́wọ́. Àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí lọ́dún náà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: ẹ fi aṣọ bo páìpù yín, ẹ kọ́ ohun tí yóò gba atẹ́gùn dúró yí ẹ̀rọ yín ká, ẹ fi ohun amúgbóná sí ibi tí omi lè dì.

Kò sí òfin tó fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ bí oníṣòwò ṣe ń wò ó. Ní Texas, iná tí ilé iṣẹ́ bá tà ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un, wọn kì í sanwó fún un nítorí pé ó múra sílẹ̀. Ẹni tó bá náwó lé páìpù bíbò, ọjà rẹ̀ á wọ́n ju ti ẹnìkejì lọ lójoojúmọ́, nítorí òtútù tó lè má dé fún ọdún mẹ́wàá. Oníṣòwò wo ni yóò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹnìkejì kò bá ṣe é? Báyìí ni olúkúlùkù ṣe ń wo ara wọn lójú títí ọdún mẹ́wàá fi pé. Nígbà tí òtútù wá dé, owó iná lọ́jà wọn, tí kì í sábà ju 50 dọ́là lọ fún ìwọ̀n kan, fò dé 9,000 dọ́là. Àwọn ìdílé kan tí àdéhùn wọn so mọ́ owó ọjà gba ìwé owó iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún ọjọ́ péréte.

Ìlú kan wà tó gbọ́ ìkìlọ̀ náà: El Paso, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn Texas. Lẹ́yìn ìyà tó jẹ wọ́n lọ́dún 2011, ilé iṣẹ́ iná ìlú náà náwó, wọ́n ra ẹ̀rọ tó lè gba òtútù, wọ́n sì bo èyí tó yẹ ní bíbò. Lọ́dún 2021, nǹkan bí oníbàárà 3,000 ni iná já mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lóòótọ́, òtútù tó mú El Paso kò le tó ti Dallas. Lóòótọ́ náà, wáyà iná El Paso so pọ̀ mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun, El Paso sì ti bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí

Ọ̀rọ̀ wáyà yìí ló yẹ kó jẹ́ àròjinlẹ̀ fún àwa tí a wà ní Benin àti Togo. Apá tó pọ̀ jù nínú Texas ló dá wáyà iná tirẹ̀ ní, tí kò so ó mọ́ ti àwọn aládùúgbò àfi díẹ̀. Ìdí ni pé wọn kò fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ máa darí wọn. Nígbà tí ìyà dé, àwọn aládùúgbò tó ní iná kò rí ọ̀nà tí wọn yóò gbà fi púpọ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Tiwa yàtọ̀. Láti ọdún 1968 ni Benin, tí à ń pè ní Dahomey nígbà náà, ti bá Togo dá CEB sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa wá iná. Odò Mono tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ń pín ni wọ́n fi kọ́ ìdídò Nangbéto, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1987. A ń ra iná ní Gánà, a sì ń rà á ní Nàìjíríà. Wáyà ńlá tó ti Ìkẹjà wá, Ṣàkẹ́tẹ́ ló gbà wọlé. Àwọn kan máa ń sọ pé ìtìjú ni kí a máa ra iná lọ́wọ́ aládùúgbò. Texas lówó jù wá lọ lọ́nà tí a kò lè kà, síbẹ̀ ó wá aládùúgbò tì lóru ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ní ojú méjì. Lọ́dún 1998, omi gbẹ lẹ́yìn ìdídò Akosombo ní Gánà, iná sì di ọ̀wọ́n ní Gánà, ní Togo àti ní Benin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gbára lé aládùúgbò kan ṣoṣo, bí ebi bá pa aládùúgbò náà, àwọn méjèèjì ni yóò jọ sùn lébi. Ohun tó ń gbani ni kí a ní díẹ̀ nílé, kí a sì ní ju ẹyọ ọ̀nà kan lọ síta.

Òjò dídì kékeré, wàhálà ńlá

Kì í ṣe bí òjò dídì ti pọ̀ tó ló ń sọ bí ìyà yóò ti pọ̀ tó. Ẹ wo Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2014, òjò dídì tó rọ̀ síbẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà méje, kò ju gígùn ìka ọwọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ ìjọba àti ilé iṣẹ́ aládàáni tú èèyàn sílẹ̀ ní ọ̀sán kan náà. Gbogbo mọ́tò já sójú títì pọ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó fọ́n iyọ̀ sí ọ̀nà há sáàárín wọn. Àwọn kan lo wákàtí tó ju mẹ́wàá lọ lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn fi mọ́tò sílẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ìwé ló sùn sí kíláàsì lóru ọjọ́ náà. Gómìnà Nathan Deal tọrọ àforíjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, òtútù àti yìnyín mìíràn tún ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gómìnà kéde kí ó tó dé, àwọn èèyàn jókòó sílé, títì sì ṣófo. Yìnyín fa igi àti wáyà iná ya, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó tún sùn sí kíláàsì nítorí gọ̀sílóò. Ohun tó yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kì í ṣe ẹ̀rọ tàbí owó. Ìkéde tó tètè dé, tí àwọn èèyàn sì gbà gbọ́, ni.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2025, òjò dídì tún wọ ilẹ̀ ooru. Ní etí òkun Louisiana àti Texas, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ kéde ìjì òjò dídì fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn agbègbè náà. Ní New Orleans, ó ga tó ogún sẹ̀ǹtímítà. Ní ìlú Milton ní Florida, ó tó sẹ̀ǹtímítà 25, nígbà tí èyí tó ga jù tí Florida ti kọ sílẹ̀ rí, láti ọdún 1954, jẹ́ mẹ́wàá péré. Wọ́n ti ọ̀nà ńlá pa, wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Houston pa, àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ti kéde ìsinmi kí ọjọ́ náà tó pé. Ní Texas, kò sí àṣẹ pé kí wọ́n pa iná àdúgbò kankan nítorí àìtó. Òtútù ọdún náà kò le tó ti 2021, a gbà. Ṣùgbọ́n òfin tuntun tún ti wà láti oṣù kẹfà ọdún 2021, tó sọ pé ilé iṣẹ́ iná tó bá kọ̀ láti múra de òtútù lè san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là lójúmọ́. Òfin tí wọn kò fẹ́ ṣe lọ́dún 2011, òkú 246 ló mú kí wọ́n ṣe é.

Kí ni tiwa?

Òjò dídì kò ní rọ̀ sí Kétu. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í sábà wá, tó sì ń wá, wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Lọ́dún 2010, omi ya wọ ìlú àti oko ní Benin, ó sì kan èèyàn tó tó 680,000. Ọdún tí omi kò bá ya ni a tún ń kọ́lé padà sí ipa ọ̀nà rẹ̀, tí a ń da ìdọ̀tí sí ojú gọ́tà, tí a sì ń sọ pé ti àtijọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Texas sọ láàárín 2011 sí 2021.

Ohun mẹ́ta ni ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti olúkúlùkù baálé lè mú nínú ìtàn yìí. Èkíní, bí a bá ti rí àjálù lẹ́ẹ̀kan, kí a kọ ohun tó fà á sílẹ̀, kí a sì bi àwọn aláṣẹ lọ́dọọdún pé èwo nínú rẹ̀ ni wọ́n ti tún ṣe. Èkejì, bí ìkéde bá dé láti ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́, kí a tètè tú ọjà ká, kí a má dúró títí gbogbo wa yóò fi já sọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, bí ọyẹ́ bá mú tàbí tí iná bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé ààrò èédú wọ yàrá tó tì pa, kí ó má sì tan ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Èéfín tó pa wọ́n ní Texas kò mọ ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Texas ti san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀fẹ́ ló dé ọ̀dọ̀ tiwa.